Téèpù Mẹ́fà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú: Bí A Ṣe Kó Sọ́fè Ọdún 2009 Jáde ní Àkúrẹ́

Ọ́fíìsì náà wà nítòsí Òpópónà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ya sọ́fè, wọ́n ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, wọ́n ń gé ilẹ̀ ẹbí sí púlọ́ọ̀tì. Ní 2009, wọ́n wọn ilẹ̀ ńlá kan fún ẹbí kan lójú ọ̀nà Ìdànrè. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ náà di ẹjọ́, lọ́yà ẹbí sì ní kí wọ́n mú ojúlówó iṣẹ́ náà wá. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fi fóònù yà kò tó o. Fáìlì tó ní nọ́ńbà òpó ààlà kọ̀ọ̀kan nínú ló fẹ́. Bébà tó wà ní ọ́fíìsì ti bà jẹ́ nígbà tí òjò wọ sítọ̀. Sáfà tí wọ́n ń lò nígbà náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì wà lórí rẹ̀, ti jó kanlẹ̀. Ohun tó kù ni téèpù LTO-3 mẹ́fà (LTO ni irú téèpù tí a ń kó dátà kọ̀ǹpútà pa mọ́ sí, 3 sì ni ìran rẹ̀) nínú páálí kan, tí ẹnì kan fi bírò kọ ọdún sí lára: 2006, 2007, 2008, 2009, 2010, 2012.

Kí wọ́n tó pè mí, ènìyàn méjì ti gbìyànjú, àwọn méjèèjì ló sì sọ fún Ọ̀gá pé téèpù náà ti kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún. Mo ti rí i níbi púpọ̀ pé téèpù tó yè ni à ń dá ẹjọ́ ikú fún, torí pé a bá a lò bí a ṣe ń bá dísìkì lò.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà. Ó ti ra ẹ̀rọ téèpù LTO-4 àlòkù láti Ìkẹjà, pẹ̀lú káàdì SAS tó bá a mu, èyí tí a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó rà á re, torí pé ẹ̀rọ LTO títí dé ìran keje máa ń ka téèpù ìran méjì tó ṣáájú rẹ̀, ó sì lè kọ nǹkan sórí ti ìran kan tó ṣáájú. LTO-4 á ka LTO-3 àti LTO-2. Ká ní LTO-6 ló rà ni, kò bá má lè ka ọ̀kankan nínú téèpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ Windows 10. Windows rí i, ó tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú Device Manager. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ibi tí dísìkì máa ń wà, kò rí D, kò rí E, kò rí fódà kankan. Ó yọ téèpù, ó ti òmíràn bọ̀ ọ́, bákan náà ló rí. Ó lọ sọ fún Ọ̀gá pé kò sí nǹkan kan lórí wọn.

Nǹkan wà lórí wọn. Dísìkì ni Windows máa ń fún ní lẹ́tà, torí pé dísìkì ní àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, kọ̀ǹpútà sì lè fò lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti téèpù yàtọ̀. Ẹni tó bá ti lo kásẹ́ẹ̀tì orin rí á mọ̀ ọ́n: bí orin karùn-ún ló wù ọ́, o ní láti wín in kọjá mẹ́rin tó ṣáájú. Téèpù LTO-3 gùn tó mítà 680, ó sì fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì. Orí ẹ̀rọ máa ń kọ ìlà 16 lẹ́ẹ̀kan náà, á lọ dé òpin, á padà wá sí ìbẹ̀rẹ̀, á tún lọ, títí ìlà 704 á fi pé lórí rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ okùn kan ṣoṣo tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí fódà níbẹ̀, kò sì sí orúkọ fáìlì, àfi èyí tí ètò tó kọ ọ́ bá kọ mọ́ ọn.

Nítorí náà Windows kì í fi téèpù han ènìyàn. Ètò tó bá mọ̀ ọ́n lò ló máa ń fi í hàn, ní orúkọ \\.\Tape0. Láyé Windows Server 2003, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lórí Windows fúnra rẹ̀ ni NTBackup. Microsoft yọ ọ́ kúrò láti Windows Server 2008, èyí tí wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ kì í kọ téèpù rárá. Láti LTO-5 tó jáde ní 2010 ni a ti lè pín téèpù sí méjì, kí a fi LTFS sí i, kó wá hàn bíi fódà. LTO-3 kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹni kejì jẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín ìlú, tó mọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, dé ìwọ̀n kan. Ó mọ̀ pé dráífà téèpù ti Linux, ìyẹn ètò tó ń bá ẹ̀rọ téèpù sọ̀rọ̀, ń jẹ́ st, àti pé /dev/st0 ni yóò pe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó bá rí. Ó ti téèpù 2010 bọ inú ẹ̀rọ, ó tẹ tar tvf /dev/st0, ìyẹn ni pé kí tar, ètò tó ń kó fáìlì pọ̀, to orúkọ fáìlì inú rẹ̀ jáde. Linux dá a lóhùn pé Cannot allocate memory. Ó gbà pé mẹ́mórì kọ̀ǹpútà náà ló kéré, ó ní kí Ọ̀gá fún òun lówó, ó ra RAM kún un. Ó tún un tẹ̀, ìdáhùn kan náà ló rí. Ó wá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ènìyàn tẹ mt setblk 512, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé búlọ́ọ̀kù (ègé dátà) kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 512. Ó tẹ̀ ẹ́, ìdáhùn sì yí padà sí Input/output error. Èyí ló mú un gbà pé téèpù ló bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n rà dára. Ó mú téèpù kan nínú páálí, ó fi tar kọ fáìlì kékeré kan sí i, ó kà á padà, ó sì rí fáìlì náà. Ó sọ fún Ọ̀gá pé, “Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa, sà. Ohun tó wà lórí téèpù yẹn tẹ́lẹ̀ ló ti kú.” Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́ létí. Téèpù tó mú nínú páálí yẹn ni èyí tí wọ́n kọ 2009 sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo débẹ̀ kò kan kọ̀ǹpútà. Mo kó téèpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, mo sì ti ìdènà kékeré tó wà létí wọn lọ sí ibi tí àwòrán kọ́kọ́rọ́ ti hàn. Nígbà tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kì yóò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sórí téèpù náà, ì báà jẹ́ Windows, ì báà jẹ́ Linux, ì báà jẹ́ pé ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ṣi àṣẹ tẹ̀. Ọ̀kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sí nípò yẹn. Mo tún ní kí wọ́n jẹ́ kí téèpù náà sùn nínú yàrá tí ẹ̀rọ wà kí a tó fi wọ́n sí i, torí pé sítọ̀ tí wọ́n ti kó wọn wá rin gbindin, kò sì dára kí téèpù ti ibi ọ̀rinrin wọ inú ẹ̀rọ tó gbóná.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi 2010 sí i, mo tẹ mt -f /dev/nst0 status. Ohun tó jáde nìyí:

File number=0, block number=0, partition=0.
Tape block size 512 bytes. Density code 0x44 (LTO-3).
BOT WR_PROT ONLINE IM_REP_EN

Ìlà mẹ́ta yìí ti sọ púpọ̀. Density code 0x44 fi hàn pé ẹ̀rọ mọ téèpù náà ní LTO-3, ó sì rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Téèpù tó bá ti kú kì í sọ̀rọ̀ báyìí. WR_PROT ni ìdènà tí a tì. Èyí tó mú ojú mi dúró ni 512 yẹn: àṣẹ tí ẹni kejì tẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, torí pé wọn kò tíì pa á láti ọjọ́ náà.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so kọ́ sí nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà bá ẹ̀rọ téèpù sọ̀rọ̀. Ní ọ̀nà kìíní, gbogbo búlọ́ọ̀kù ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ sì ti mọ ìwọ̀n ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, ìwọ̀n tí ètò bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni búlọ́ọ̀kù tó máa wà lórí téèpù. Bí ètò bá kọ báìtì 10,240 ránṣẹ́, búlọ́ọ̀kù báìtì 10,240 ló máa wà níbẹ̀. Bó bá kọ 262,144, búlọ́ọ̀kù 262,144 ni. Ẹ̀rọ kì í so méjì pọ̀, kì í sì í gé ọ̀kan sí méjì. Nígbà kíkà náà, odindi búlọ́ọ̀kù ló máa ń gbé fún ètò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyè tí ètò ṣí sílẹ̀ láti gbà á bá kéré ju búlọ́ọ̀kù náà lọ, dráífà st kì yóò fún un ní ìdajì. Ó máa sọ pé Cannot allocate memory. Àyè inú ètò yẹn ló ń sọ, kò ní í ṣe pẹ̀lú RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn bá sì wá fi setblk fi dandan lé e pé gbogbo búlọ́ọ̀kù jẹ́ 512, tí èyí tó wà lórí téèpù kò rí bẹ́ẹ̀, Input/output error ni yóò gbà.

tar ti wà láti Unix ẹ̀dà keje ní 1979, iṣẹ́ téèpù gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí ènìyàn kò bá sọ fún un, ó máa ń kó búlọ́ọ̀kù báìtì 512 ogún pọ̀, ìyẹn báìtì 10,240. Ìwọ̀n yẹn tó fún téèpù àtijọ́. Fún LTO ó kéré jọjọ, nítorí náà ẹni tó bá mọ iṣẹ́ a máa fi kún un. Ẹni tó kọ téèpù yìí mọ iṣẹ́.

Mo dá ẹ̀rọ padà sí ọ̀nà kejì pẹ̀lú mt -f /dev/nst0 setblk 0. Mo wá ní kí dd, ètò tó ń ka dátà bó ṣe wà gan-an, ka búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, kó sì ṣí àyè mẹ́gábáìtì kan sílẹ̀ fún un: dd if=/dev/nst0 of=kinni bs=1M count=1. Bí àyè bá tóbi ju búlọ́ọ̀kù lọ, kò sí wàhálà. Dráífà á kó èyí tó wà níbẹ̀ wá, dd á sì sọ iye rẹ̀. Ó sọ pé 262144 bytes. Ẹ fi 512 pín in, 512 náà ni yóò jáde. Mo yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ tar -b 512 -tvf /dev/nst0, orúkọ fáìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí ọdún 2010. Ọ̀gá dìde lórí àga, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sókè.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò pọ̀. Fáìlì bíi mélòó kan ni, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì náà fi /dev/st0 dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá òmíràn á jáde, àwọn kan náà ló tún jáde. Mo fi í hàn án pé ìyàtọ̀ lẹ́tà n yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ètò bá ti jáwọ́ lára /dev/st0, Linux á yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń lò ó yóò máa ka ohun àkọ́kọ́ títí ayé. /dev/nst0 a máa fi téèpù sílẹ̀ síbi tó dé. Ọ̀pọ̀ àkójọ ló máa ń wà lórí téèpù kan, àmì òpin fáìlì sì ni ó yà wọ́n. Dráífà fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ àmì náà nígbà tí ètò tó ń kọ̀wé bá jáwọ́. Nígbà tí ètò tó ń kàwé bá kàn án, yóò gbà pé fáìlì ti parí.

Ibí yìí ni mo ti ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó kọ téèpù náà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, Ìdànrè ló wà.

“Ẹ káàsán o, sà. Ọ́fíìsì ni mo ti ń pè yín, lórí ọ̀rọ̀ téèpù tí ẹ fi sílẹ̀.”

“Téèpù inú páálí yẹn? Ṣé wọn ò tíì dà á nù?”

“Wọn ò dà á nù, sà. A ti ń kà á. Ṣé 512 lẹ fi sí tar?”

“Òun ni. Ó ń fà lórí ogún, mo bá gbé e sókè. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kọ ọ́. Èyí tó bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo ń kó, àmọ́ Ẹtì tó bá parí oṣù, gbogbo sáfà ni mo ń kó pátá. O gbọ́? Gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá máa ń bínú pé mo ń fi àyè ṣòfò.”

“Àyè yẹn ló gbà wá o, Bàbá. Ẹ ṣeun, sà.”

Mi ò tíì mọ bó ti gbà wá tó nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. A fi téèpù 2009 sí i. Mo tẹ mt eod, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ lọ sí òpin ohun tí wọ́n kọ. Ó yẹ kó gba àkókò díẹ̀ láti débẹ̀. Kíá ló dúró. Mo béèrè status, ó ní File number=1. Lórí 2010, nọ́ńbà yẹn lé ní 40.

Ọ̀gá bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo sì sọ ọ́ bó ti rí fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ nǹkan sí ibì kan lórí téèpù LTO, ibi tó parí sí ni ẹ̀rọ yóò kà sí òpin àkọsílẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Ó tún ń fi í sí ṣíìpù kékeré tó wà nínú téèpù. Fáìlì kékeré tí ẹni kejì kọ láti fi dán ẹ̀rọ wò kò gbà ju ìbẹ̀rẹ̀ téèpù lọ. Iṣẹ́ ọdún 2009 tó kù ṣì wà lórí rẹ̀ gan-an, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì yóò kọjá àmì òpin náà. A gbìyànjú fsf, àṣẹ tó ń fo fáìlì kọjá síwájú, ó dá a padà pẹ̀lú Input/output error, kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Linux, sì kọ Blank Check sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Dísìkì tí wọ́n pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀ ṣì ṣeé wá kiri níbòmíràn. Lórí téèpù, kò sí àṣẹ kankan nínú Linux tàbí Windows tó lè mú ẹ̀rọ lásán kọjá ibẹ̀. Ó dun gbogbo wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni àṣà Bàbá Ìdànrè. Bó bá jẹ́ gbogbo sáfà ló ń kó ní òpin oṣù, tí ẹnikẹ́ni kò sì pa iṣẹ́ 2009 rẹ́, á jẹ́ pé ó yẹ kí iṣẹ́ ọ̀hún wà nínú àkójọ òpin oṣù January 2010. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù, ọlidé ni. 8, 15 àti 22 jẹ́ ti ọ̀sẹ̀, wọ́n á jẹ́ fáìlì 0, 1 àti 2. 29 ni òpin oṣù. Fáìlì 3 nìyẹn. Mo tẹ mt -f /dev/nst0 asf 3. Mo fẹ́ràn asf ju fsf lọ nírú ibi báyìí, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ téèpù ni asf ti máa ń kà, nígbà tí fsf ń kà láti ibi tí téèpù wà. tar lè dúró ṣáájú àmì òpin fáìlì tàbí kó ti kọjá rẹ̀, ẹni tó bá ń fi fsf ka ẹsẹ̀ lè ṣi fáìlì kan fò láìmọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí kó fáìlì 3 lọ sórí dísìkì USB kan tí wọ́n ní. Kò pẹ́ tí ìró ẹ̀rọ fi yí padà. Téèpù á sáré díẹ̀, á dúró, á padà sẹ́yìn, á tún sáré. Mo dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Téèpù LTO-3 máa ń sáré tó mẹ́gábáìtì 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ lè dín ìsáré rẹ̀ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ibi tí ìwé ń lọ kò bá lè gbà tó èyí tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè sá, ó di dandan kó dúró, kó sì padà wá mú ibi tó fi í sí. Gbogbo ìdúró àti ìpadà yẹn ń fi ara téèpù ha orí ẹ̀rọ. Fún téèpù tó ti sùn sínú ọ̀rinrin fún ọdún púpọ̀, ìyà gidi ni. USB 2 tó wà lẹ́yìn dísìkì yẹn ló fà á.

A gbé SSD, dísìkì tó yára, sínú kọ̀ǹpútà náà, a sì fi mbuffer sáàárín kí ó máa kó dátà jọ sínú mẹ́mórì: dd if=/dev/nst0 bs=262144 | mbuffer -m 2G > oṣù1.tar. RAM tí wọ́n rà níjelòó wá wúlò níbẹ̀. Mo yàn láti kó odindi fáìlì sórí dísìkì ná, kí n tó tú u, torí pé mi ò fẹ́ kí téèpù náà kọjá lábẹ́ orí ẹ̀rọ ju ìgbà tó pọn dandan lọ.

Bó ti ń lọ ni iná ìmọ́tótó tàn lára ẹ̀rọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni Medium Error, pé ẹ̀rọ kò rí téèpù kà. Ọ̀gá ní kí a jẹ́ kó máa lọ, bóyá yóò là á kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ àlòkù ni, a ò sì mọ ohun tó ti kọjá lórí rẹ̀ kó tó dé Àkúrẹ́; ìdọ̀tí tó bá wà lórí rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ téèpù wa. A wá téèpù ìmọ́tótó LTO rà, a fi í sí i, ó ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó yọ ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí a dá 2010 padà, fáìlì 3 kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àṣìṣe kan, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìró ẹ̀rọ dúró sójú kan ní gbogbo àkókò yẹn. Bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn. Ínfátà ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀, torí pé a ò gbọ́kàn lé iná ọba.

Nínú fáìlì náà la ti rí fódà iṣẹ́ ọ̀nà Ìdànrè: àwòrán DWG, àti tábìlì tí gbogbo òpó ààlà wà nínú rẹ̀, ìlà oòrùn àti àríwá, lórí Minna datum, UTM ìpín 31, ìlànà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi ń sọ ibi tí nǹkan wà. Ọ̀gá mú ẹ̀dà bébà ọwọ́ lọ́yà, ó fi ìka tẹ̀lé nọ́ńbà òpó àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Wọ́n bára mu. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ sí i.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a rí. Nọ́ńbà tí wọ́n kó wá láti orí pápá, kí wọ́n tó ṣe ìṣirò lé e lórí, ni wọ́n máa ń pa rẹ́ lórí sáfà lẹ́yìn tí sọ́fè bá ti jáde. Ìyẹn wà lórí téèpù 2009 nìkan. Lọ́yà náà béèrè rẹ̀. A kọ lẹ́tà pé ó wà lẹ́yìn àmì òpin àkọsílẹ̀, a sì ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Téèpù náà wà nínú àpótí tirẹ̀ báyìí, a ti ìdènà rẹ̀ pa, a sì kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má fi í sínú ẹ̀rọ.

Ti 2006 àti 2007 kò gba àkókò. Nígbà tí dd ka búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ wọn, lẹ́tà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni TAPE. Bí Microsoft Tape Format ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ni pé NTBackup ló kọ wọ́n. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà lórí Linux tó ń jẹ́ mtftar, tó ń sọ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ di tar. Òun la lò.

Ní báyìí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ ti ìdènà téèpù kí ẹ tó so okùn kankan. Bí ẹ bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, ẹ ra téèpù òfìfo. Owó rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 2009. Ẹ béèrè status ná, kí ẹ wo búlọ́ọ̀kù àti density. Ẹ fi setblk 0 sí i, ẹ jẹ́ kí dd sọ ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù fún yín dípò kí ẹ máa méfò. Cannot allocate memory túmọ̀ sí pé kí ẹ fi kún bs tàbí -b, kì í ṣe kí ẹ lọ ra RAM. Ẹ máa lo nst0. Ẹ wá ẹni tó kọ téèpù rí bó bá ṣì wà láyé, ẹ pè é kí ẹ tó ṣe ohunkóhun tó le.

Ẹnì kan lè bi mí pé ta ló ṣì ń lo téèpù. Àwọn tí dátà wọn pọ̀ jù ló ń lò ó. LTO-9 tó jáde ní 2021 ń gba tẹ́ràbáìtì 18 lórí ẹyọ kan, téèpù tó sì wà lórí pẹpẹ, tí kò sí nínú ẹ̀rọ, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kankan kò lè dé ibẹ̀. Ọ́fíìsì yìí ti padà sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ń kọ ọ́ báyìí, lọ́jọ́ Ẹtì. Lára téèpù kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìran LTO rẹ̀, ètò tó fi kọ ọ́, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù, iye fáìlì àti ọjọ́ tí wọ́n kà á padà láti rí i pé ó pé. Ẹni tó bá ní LTO-3 nílé kó mọ̀ pé LTO-5 ni ẹ̀rọ ìkẹyìn tó lè kà á, àlòkù nìkan ló sì kù lọ́jà. Kó kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò nígbà tí àlòkù ọ̀hún ṣì ṣeé rí rà ní Ìkẹjà.